Aró Lára Ògiri

Ilé kì í kígbe bí ara bá ń ro ó.
Yóò kàn máa bó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, níbi tí ojú kì í dé,
ọ̀dà rẹ̀ á máa ṣí bí awọ àlùbọ́sà,
ìwọ á sì rò pé ikán kan ṣoṣo ló ń kọjá lọ.

Nínú oṣù Ọ̀pẹ, tí ọyẹ́ bá ti gba Ìkìrun wọ Òṣogbo,
eruku á jókòó sórí gbogbo ohun tí a ní:
sórí àga, sórí tẹlifíṣọ̀n, sórí fọ́tò bàbá mi
tó gẹ fìlà bo ojú kan
bí ẹni tí kò fẹ́ rí ìdọ̀tí tán.
Mo nù ún láàárọ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́,
mo tún lè fi ìka kọ orúkọ mi sórí tábìlì.
Ẹ má gbá eruku ọyẹ́ ní gbígbẹ,
bẹ́ẹ̀ ni Súwébátù ìyá mi máa ń wí,
ẹ wọ́n omi sí i, kó lè fara balẹ̀.

Oṣù Ẹrẹ́nà ni mo máa ń gun àkàbà,
kí àkọ́rọ̀ òjò má baà bá mi lójú oorun.
Mo kó ewé máńgòrò nínú gọ́tà, mo kó ìtẹ́ ẹyẹ,
mo kó bọ́ọ̀lù ọmọ Bàbá Láísì tó ti sọnù láti ìdúnta.
Orí àkàbà ni mo wà tí Mọ́sùúrù fi pè láti Àbújá:
"Àǹtí mi, ẹ jẹ́ ká ta ilé yìí.
Ó ti gbó. Ẹ̀yin náà sì ń dàgbà."
Mo ní kó dúró, ìpẹtà páànù kún ọwọ́ mi.
Ó dúró.
Owó ìpè tirẹ̀ ni.

Wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kì í wọ̀ ọ́.
Ti yàrá ẹ̀yìn lanu lóòótọ́. Méjì ló wà níbẹ̀,
akọ olórí pupa kan sì máa ń mi orí sí mi
bí onílé tó wá gba owó oṣù.
Mo lọ bá Ráúfù bíríkìlà ní Òkè-Fìà.
Ó ní sìmẹ́ńtì ti gbówó lórí.
Mo bi í pé ṣé ògiri náà ti gbọ́?
Àpò kan péré la rà. A dí i.
Aláǹgbá kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé Bàbá Láísì.

Nígbà ọdún Ọ̀ṣun, tí àlejò bá kún ìlú bámúbámú,
ẹ̀gbọ́n ìyá mi á dé láti Ẹ̀rìn.
Kó tó mu omi, á fi ìka nu ẹsẹ̀ fèrèsé,
á wo ìka náà,
kò ní sọ nǹkan kan.
Ìyìn nìyẹn.

Aláró ni ìyá mi. Lọ́jọ́ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò,
ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ògiri ẹ̀yìnkùlé mú:
ìka márùn-ún, dúdú bí òru.
Ọdọọdún ni mo ń kun ilé, ọdọọdún ni mo ń yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.
Àfi èṣí, tí ọmọ tí mo gbà síṣẹ́ kò bi mí,
tó kùn ún pa.
Mo bú u. Nígbà tó yá mo bẹ̀ ẹ́, torí iṣẹ́ rẹ̀ mọ́.

Òjò Agẹmọ rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin.
Ní ọjọ́ karùn-ún, mo lọ sá aṣọ, mo rí i:
ìka mẹ́ta ti yọ jáde lára funfun,
méjì ń bọ̀ lọ́nà.

Mọ́sùúrù ṣì ń retí èsì mi.
Omi ti wà nínú garawa.
Ta ló gbé ìgbálẹ̀ mi?